Láti bárékè sí kíláàsì: ọ̀nà wo ló yẹ sójà tó fẹ́ di olùkọ́ ní Amẹ́ríkà?

Àbúrò mi pè mí láti Killeen ní Texas lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó ku oṣù díẹ̀ kó gba DD-214 rẹ̀, ìyẹn ìwé ìtúsílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì wù ú láti ṣe lẹ́yìn náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ní Florida, tí èèyàn bá ti ṣe sójà, kò nílò dìgírì kó tó kọ́ ọmọ níwèé. Ṣé kí n máa palẹ̀ ẹrù mọ́?” Mo ní kó fi ẹrù sílẹ̀ ná. Ọmọ tó gba dìgírì nínú físíìsì ní Nàìjíríà kó tó rékọjá òkun, kí ló fẹ́ fi ọ̀nà àwọn tí kò ní dìgírì ṣe?

Òun nìkan kọ́ ló ń bi mí. Láàárín ọdún 2009 sí 2016, àwọn ọmọ wa kan wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nípasẹ̀ ètò MAVNI, èyí tó gba àwọn tí kò tíì ní green card nítorí èdè tí wọ́n gbọ́ tàbí iṣẹ́ ìṣègùn tí wọ́n mọ̀. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn ti ní green card kí wọ́n tó lọ fi orúkọ sílẹ̀. Mo mọ àwọn tó ti jáde yunifásítì tàbí pólì nílé kí wọ́n tó di 92Y tó ń tọ́jú ẹrù nínú yàrá ìkẹ́rùsí, tàbí 68W tó ń di ọgbẹ́. Ní báyìí wọ́n ti ń bọ́ aṣọ, iṣẹ́ olùkọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn ni mo kọ èyí fún, àti ẹ̀yin ẹbí tí wọ́n ń pè lálẹ́ láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Ní Nàìjíríà, TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kan ṣoṣo la mọ̀. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn olùkọ́ tirẹ̀ ní ìwé-àṣẹ, òun ló ń ṣe òfin rẹ̀, òun náà ló ń yan ìdánwò rẹ̀: FTCE ni ti Florida, TExES ni ti Texas, GACE ni ti Georgia, Maryland àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn sì ń lo Praxis. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá pè mí ni pé: bí ìyàwó rẹ bá ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland ní ọdún mẹ́ta òní, ṣé ìwé-àṣẹ tí o fẹ́ gbà yìí á bá ọ débẹ̀? Ilé sójà kì í pẹ́ lójú kan. Ẹni tó ti kúrò ní Georgia lọ sí Jámánì, tó tún ti ibẹ̀ bọ́ sí Texas, kò yẹ kó tún lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ kan nítorí pé ìwé-àṣẹ ibẹ̀ yá. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi ṣáájú gbogbo yòókù.

Owó ló tẹ̀lé e, pàápàá ohun tí ọ̀nà náà máa jẹ nínú GI Bill yín, ìyẹn owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún àwọn tó ti sìn nínú iṣẹ́ ológun. Post-9/11 GI Bill jẹ́ oṣù 36 ti ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá sìn fún oṣù 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gba gbogbo rẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọmọ ìpínlẹ̀ látòkè délẹ̀, owó ìwé tó lè tó 1,000 dọ́là lọ́dún, àti owó ilé lóṣooṣù tí wọ́n ń ṣírò bí ẹni pé E-5 (oyè sájẹ́ǹtì) tó ní ẹbí ni yín. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 síwájú, kò sí gbèdéke ọdún 15 lórí tiẹ̀ mọ́. Ogún ni ohun yìí. Kò yẹ kí ẹ ná an lórí ètò tí ọ̀nà tó rọ̀ jù lọ lè ṣe fún yín.

Mo tún máa ń wo ìgbà tí owó oṣù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, torí ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta kò lè jókòó ọdún méjì kó máa wo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbáradì. Ọmọ ọdún 13 kì í ṣe ọmọ ogun tuntun. Kò sí oyè tí ẹ máa fi hàn án tí yóò fi dìde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè ní kó dọ̀bálẹ̀ ṣe push-up nítorí pé kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tí kò sí olùkọ́ tó dúró tì í ní ọdún àkọ́kọ́ máa jìyà, àwọn ọmọ inú kíláàsì rẹ̀ á sì jìyà jù ú lọ.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ yẹ DD-214 yín wò níbi tí wọ́n kọ irú ìtúsílẹ̀ sí. “Honorable” ni Post-9/11 GI Bill ń béèrè. Ẹni tí wọ́n kọ “General” fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àǹfààní mìíràn láti VA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti sìn) ṣì wà fún un, kò lè lo GI Bill yìí. Kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnyẹ̀wò ìtúsílẹ̀ kó tó gbé ètò owó kankan kalẹ̀.

Èkejì ni Joint Services Transcript, JST. Ìwé yìí ló ń sọ iye credit tí ẹ̀kọ́ ológun yín lè jẹ́ ní yunifásítì, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá lọ ló máa pinnu iye tí yóò gbà. Bí ẹ bá ṣì wà nínú aṣọ, ìjọba á san owó CLEP àti DSST fún yín nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe ìdánwò náà. Ìdánwò kan tí ẹ bá yege lè dúró fún kọ́ọ̀sì odindi. Mo rí àwọn tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì dun wọ́n gan-an.

Ẹ̀kẹta ló kan àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n: àyẹ̀wò dìgírì ilé. Ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ NACES, bíi WES, ló máa ń ṣe é. Ẹ gba oríṣi tí wọ́n ń pè ní course-by-course, èyí tó ń ka kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti GPA. Àwọn kan máa ń ra èyí tó dínwó, tó kàn sọ pé dìgírì yín dọ́gba pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ á sì dá a padà fún wọn torí pé kò sí kọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀ tó lè kà. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ o. Transcript láti ilé lè gba oṣù, ó lè gba ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó máa lọ jókòó ní ọ́fíìsì wọn láàárọ̀. Ẹni tó ní HND, kó bi ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò náà kó tó sanwó, torí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kà á sí dìgírì ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ní NCE náà kó má sọ tiẹ̀ nù. Ó lè má jẹ́ dìgírì níbí, àmọ́ credit wà nínú rẹ̀.

Florida: ìwé-àṣẹ ọdún márùn-ún láìní dìgírì

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni kò sì pé. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2022. Òótọ́ ni pé kò béèrè dìgírì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé sójà èyíkéyìí lè wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ ti sìn fún oṣù 48 ó kéré tán, kí ìtúsílẹ̀ yín jẹ́ honorable tàbí ti àìlera. Ẹ gbọ́dọ̀ ní credit yunifásítì 60, pẹ̀lú GPA tí kò dín sí 2.5. Ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò FTCE fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́. Wọ́n á yẹ ìtàn yín wò, wọ́n á gba ìtẹ̀ka yín, ilé-ìwé kan gbọ́dọ̀ ti gbà yín síṣẹ́, wọ́n á sì yan olùtọ́nisọ́nà tí yóò wà pẹ̀lú yín fún ọdún méjì ó kéré tán.

Ní ti owó, ọ̀nà yìí rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Florida máa ń dárí owó ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ àti owó ìdánwò ji àwọn tó ti sìn, owó oṣù sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ kíláàsì.

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ìwé-àṣẹ náà kò ṣeé sọ di tuntun. Ọdún márùn-ún péré, ó parí. Kí ọdún yẹn tó pé, ẹ gbọ́dọ̀ ti parí dìgírì, kí ẹ sì ti ṣe gbogbo ohun tí ìwé-àṣẹ gidi ń béèrè. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ní credit 60 ṣì ku bíi 60 sí i. Ó ń kọ́ kíláàsì márùn-ún lójúmọ́, ó ń ṣe àmì iṣẹ́ lálẹ́, ó tún ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ka ìwé tirẹ̀. Òfin GI Bill kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rí àfi ìgbà tí ó bá ti kàn wọ́n: bí kíláàsì tí ẹ ń gbà kò bá ju ìdajì ti akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún lọ, VA kì í san owó ilé. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í sábà lè gba jù ìdajì lọ. Nítorí náà, owó ilé tí ẹ ti gbójú lé lè má dé.

Nígbà tí òfin náà jáde, àwọn olùkọ́ kan ní Florida fapá jánú pé ó ń fi iṣẹ́ wọn wọ́lẹ̀. Mo lóye ìbínú wọn, torí pé àwọn náà ni wọ́n máa tọ́ ẹni tuntun sọ́nà láìsí àkókò. Síbẹ̀, mi ò gbà pé ẹni tó ti kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́. Ohun tí mo rí ni pé òfin náà ń gbé ẹrù ọdún márùn-ún ka ènìyàn lórí, kò sì fún un ní ọ̀nà àbáyọ bí ẹrù bá ń wó. Ìwé-àṣẹ yìí kò sì lè bá yín jáde Florida.

Ọ̀nà àfidípò fún ẹni tó ti ní dìgírì: Texas àti Georgia

Fún ẹni tó ní dìgírì láti ilé tí àyẹ̀wò rẹ̀ ti jáde, ọ̀nà yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí. Wọ́n ń pè é ní alternative certification. Ní Texas, ẹ ní láti ní dìgírì àti GPA 2.5, kí ètò kan tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí gbà yín wọlé, kí ẹ ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yege nínú ìdánwò TExES ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lè wáṣẹ́. Bí ilé-ìwé bá ti gbà yín, ìpínlẹ̀ á fún yín ní ìwé-àṣẹ intern fún ọdún kan. Ẹ ó máa gba owó oṣù olùkọ́ ní kíkún, olùtọ́nisọ́nà á wà nínú ilé-ìwé náà, alábòójútó láti ọ̀dọ̀ ètò yín á sì máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo bí ẹ ṣe ń kọ́ni. Tí ẹ bá yege nínú ohun gbogbo, ẹ ó gba ìwé-àṣẹ gidi tó ń lo ọdún márùn-ún, tó sì ṣeé sọ di tuntun. Ètò tó jọ èyí ni GaTAPP ní Georgia, fún àwọn tó wà ní agbègbè Atlanta.

Owó ètò náà máa ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ètò ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ìyókù nínú owó oṣù. Àwọn ètò kan wà tí VA fọwọ́ sí, tí ẹ lè fi GI Bill san. Ẹ wá orúkọ ètò náà nínú irinṣẹ́ GI Bill Comparison Tool lórí ìkànnì VA kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ má fi ẹnu àwọn tó ń polówó ètò náà ṣe ẹ̀rí. Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún pé “a ń gba àwọn ológun”. Ó gbọ́ ọ bí ẹni pé GI Bill á sanwó. Àpò ara rẹ̀ ló ti san gbogbo rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ètò dára ju ètò lọ, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀. Òmíràn jẹ́ fídíò àti ìdánwò kékeré títí tí wọ́n á fi jù yín sínú kíláàsì. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: wákàtí mélòó ni mo máa lò nínú kíláàsì gidi kí iṣẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni alábòójútó máa wá wò mí? Bí wọn ò bá lè dáhùn tààrà, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ní ti rírìn káàkiri, ìwé-àṣẹ gidi tó bá jáde lẹ́yìn intern yìí ló níyì. Ìpínlẹ̀ mìíràn lè béèrè ìdánwò tirẹ̀ tàbí kọ́ọ̀sì kan méjì sí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Yunifásítì pẹ̀lú GI Bill: dìgírì kejì tàbí àkọ́kọ́

Èyí ló pẹ́ jù, òun náà ló sì jinlẹ̀ jù. Ẹni tó ní dìgírì tẹ́lẹ̀ lè ṣe MAT, ìyẹn dìgírì ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹni tí kò ní dìgírì kankan lè fi oṣù 36 ọ̀hún ṣe dìgírì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́, torí pé ọdún mẹ́rin ti oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló jẹ́ oṣù 36 gan-an. Bó bá ti gba credit nípasẹ̀ JST àti CLEP, díẹ̀ nínú oṣù náà lè ṣẹ́ kù.

Ohun tó mú kí ọ̀nà yìí yàtọ̀ ni ohun tí a ń pè ní TP nílé, ìyẹn fífi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò nínú kíláàsì. Níbí, ó máa ń jẹ́ sáà kan odindi, láàárọ̀ dé ọ̀sán, lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà kan, láìsí owó oṣù nígbà púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán máa ń jẹ gbèsè ní sáà yẹn. Sójà tó ń lo GI Bill ní owó ilé tó ń wọlé lóṣooṣù, nítorí náà òun ló yẹ kó jẹ ànfààní rẹ̀ jù. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá rọrùn fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ rántí pé owó ilé fún ẹni tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìdajì ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè. Kíláàsì kan ṣoṣo tí ẹ bá lọ jókòó sí nínú ilé-ẹ̀kọ́ lè yí owó yẹn padà.

Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀rọ, kó wo Edith Nourse Rogers STEM Scholarship. Nígbà tí GI Bill bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó lè fi oṣù mẹ́sàn-án tàbí 30,000 dọ́là kún un, àwọn tó ní dìgírì STEM tí wọ́n ń gba ìwé-àṣẹ olùkọ́ sì wà lára àwọn tó lè béèrè rẹ̀.

Àwọn òbí kan ti fi GI Bill wọn sórúkọ ọmọ. Inú iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́rin sí i. Bí ẹ bá wà lára wọn, ọ̀nà Texas tí mo ti sọ yìí ni kí ẹ kọjú sí, kí yunifásítì má jẹ oúnjẹ ọmọ.

American Board

Ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀. Ó wà fún ẹni tó ní dìgírì. Ẹ ó kàwé fúnra yín, ẹ ó ṣe ìdánwò iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ àti ìdánwò ìmọ̀ olùkọ́ni, ó tán. Owó rẹ̀ kéré sí ti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn, kò sì ní TP nínú. Florida wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀. Mi ò ní gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tí kò tíì dúró níwájú àwọn ọmọ rí. Fún ẹni tó ti ṣe olùkọ́ nílé kó tó wọ iṣẹ́ ológun, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ tó gbà á, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu.

JROTC àti iṣẹ́ ọwọ́

Ẹni tó lo ọdún 20, tó fẹ̀yìntì, lè di olùkọ́ JROTC, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ ológun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní ilé-ìwé girama. Ẹ̀ka ológun rẹ̀ ló ń fún un ní àṣẹ, owó oṣù náà sì dára torí pé ìjọba àpapọ̀ ń bá ilé-ìwé san nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò ní jẹ́ kó kọ́ ìṣirò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá pa ètò JROTC rẹ̀ tì.

Iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní CTE, ni mo rò pé àwọn ènìyàn wa kò tíì rí dáadáa. Mẹkáníìkì 91B, 68W, tàbí 25B tó mọ kọ̀ǹpútà lè gba ìwé-àṣẹ láti kọ́ iṣẹ́ yẹn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nítorí ọdún tó ti fi ṣe é, nígbà mìíràn láìní dìgírì ọdún mẹ́rin. Bí ìyàn bá wà láàárín èyí àti ìwé-àṣẹ ọdún márùn-ún ti Florida fún ẹni tí kò ní dìgírì, èyí ni mo máa yàn fún un: iṣẹ́ tó mọ̀ tinútòde ló máa kọ́, kò sì sí gbèdéke dìgírì tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Troops to Teachers, torí pé àwọn àgbààgbà ṣì ń dárúkọ rẹ̀. Ètò ìjọba àpapọ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, ó ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ràn àti owó. Kò fìgbà kan fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-àṣẹ. Wọ́n pinnu láti tì í ní ọdún 2020, òfin sì tún jí i dìde ní ìparí 2021. Ohun tí wọ́n ń tì tí wọ́n ń ṣí kò ṣeé gbójú lé láti fi tọ́jú ilé.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó bá ní dìgírì láti Nàìjíríà tàbí níbí, tó nílò owó oṣù láàárín ọdún kan, kó gba ọ̀nà àfidípò ní ìpínlẹ̀ tó fẹ́ dúró sí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, àwọn ilé-ìwé máa ń wá a lójú méjèèjì.

Ẹni tí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́ ológun, tí àṣẹ ìṣípòpadà lè dé nígbàkúgbà, kó lọ sí yunifásítì. Ìdí rẹ̀ ni Interstate Teacher Mobility Compact, àdéhùn láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ ní ọdún 2023 lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ 10 ti wọ inú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí olùkọ́ láti ìpínlẹ̀ kan gba ìwé-àṣẹ tó jọ tirẹ̀ ní òmíràn láìsí wàhálà púpọ̀. Ohun tó ń béèrè ni dìgírì, ètò olùkọ́ni tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, àti ìwé-àṣẹ kíkún. Ìwé-àṣẹ onígbà díẹ̀ kì í sábà sí nínú rẹ̀. Florida fúnra rẹ̀ wà nínú àdéhùn yìí, síbẹ̀ ẹ má gbójú lé e pé ìwé-àṣẹ ọdún márùn-ún rẹ̀ máa bá yín gùn ún.

Ẹni tó ní credit 60 àti ọdún mẹ́rin nínú iṣẹ́, tó ti ń gbé ní Florida, tí ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀, tó ku díẹ̀ kó parí dìgírì, ọ̀nà Florida lè gbè é. Kó kọ ètò sórí ìwé, sáà dé sáà, bí yóò ṣe parí dìgírì náà kí ọdún kẹrin tó pé, kó má dúró de ìkarùn-ún. Ẹni tó ní credit 60, ṣùgbọ́n tí kò tíì ronú ibi tí yóò ti rí 60 yòókù, kó má sún mọ́ ọn.

Ẹni tó fẹ̀yìntì lẹ́yìn 20 ọdún, tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé, ní àyè láti yan ohun tó wù ú: JROTC bó bá fẹ́ aṣọ ológun lọ́rùn síbẹ̀, MAT bó bá fẹ́ kíláàsì fúnra rẹ̀.

Gbogbo yín, ẹni yòówù tí ẹ lè jẹ́, ẹ lọ ṣe adelé olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó ná oṣù kan nínú GI Bill. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ kò sí ètò kankan tó lè sọ fún yín bí ara yín ṣe máa rí láago méjì ọ̀sán ọjọ́ Friday pẹ̀lú ọmọ 28 tó ti sú.

Àbúrò mi ṣe é. Ọjọ́ kẹta, ó pè mí, ó ní ọmọ kan bú òun, òun kò sì mọ ohun tí òun máa ṣe. Mo rò pé ó máa ní òun ò lọ mọ́. Ọjọ́ kejì ló padà lọ. Transcript rẹ̀ gba oṣù márùn-ún kó tó ti ilé dé, lẹ́yìn tí màmá wa lọ jókòó ní ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àyẹ̀wò sì fún un ní GPA 2.9. Ó ti wọ ètò kan ní Texas báyìí, ìdánwò TExES ti físíìsì àti ìṣirò ló ń kàwé fún lálálẹ́, GI Bill rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn fún MAT tó fẹ́ ṣe tó bá ti di olùkọ́ tán.